Ẹni Tọ́ràn Kàn Ló Ń Di Ìbò



Ọ̀pọ̀ yín ló ti bi mí pé kí ni iṣẹ́ ìbò tí a máa ń fún ẹni tó bá wá dá Ifá. Lónìí mo fẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n ìdáhùn náà máa gbé wa dé ibi tí ẹ ò lérò.

Bí Odù bá ti yọ, tí a sì ti kí Ifá, a ó fún ẹni tó wá dáfá ní ohun méjì: owó ẹyọ àti egungun. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi ni pé owó ẹyọ ló ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, egungun ló ń sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Onítọ̀hún á di ọ̀kan sọ́wọ́ ọ̀tún, á di ìkejì sọ́wọ́ òsì, á pa ọwọ́ méjèèjì dé. Èmi tí mo mú ọ̀pẹ̀lẹ̀ dání, mi ò gbọdọ̀ mọ èyí tó wà níbo. Ifá ló máa mú ọwọ́ kan. Ìdí tí a fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀ ni kí babaláwo má baà fi ohùn ara rẹ̀ rọ́pò ohùn Ifá.

Òfin kan wà níbẹ̀ tí ọ̀gá mi kì í fi ṣeré rárá: ẹni tọ́ràn kàn ló ń di ìbò. Bí obìnrin bá wá dáfá nítorí ilé ọkọ rẹ̀, aládùúgbò ò lè já ìbò gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kó ní òun mọ ohun tó dáa fún un. Bó bá já a gbà, Ifá lè sọ̀rọ̀ o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹni tó já a gbà ló ń sọ.

Ẹ wá wò ó: ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń pe ohun tí à ń ṣe lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ yan gómìnà. A ní à ń lọ dìbò. Kí àpótí ìbò tó dé ilẹ̀ yìí la ti ń di ìbò nídìí Ifá.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 2023, ọjọ́ Sátidé, mo jáde nílé mi ní Abúlé Òkúta láti lọ dìbò gómìnà. Ọjọ́ 11 ló yẹ kó jẹ́, INEC ló sún un sí ọ̀sẹ̀ kejì. Ọ̀sẹ̀ yẹn gbóná. Nínú ìbò Ààrẹ oṣù kejì, Labour Party ló gba Èkó. Ẹni tí ẹgbẹ́ náà sì fà kalẹ̀ fún gómìnà, Gbadebo Rhodes-Vivour, ọmọ Èkó ni bàbá rẹ̀, ọmọ Ìgbò ni ìyá rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ṣe kúrò lórí ọ̀nà àti omi nìyẹn, tó di ọ̀rọ̀ ta lọmọ ta.

Ìlà wa gùn díẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ INEC, wọn kì í ṣe ọlọ́pàá. Ojú ènìyàn ni wọ́n ń wò. Ìyá kan wà níwájú, ó pupa. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Mọ́mì, ẹ padà sílé, ìbò yìí kì í ṣe tiyín." Ìyá náà bá bú u lédè Ìjẹ̀ṣà, Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé. Ẹnu ya àwọn ọmọ náà, wọ́n tẹríba. "Ẹ má bínú, mọ́mì. A rò pé ẹ kì í ṣe ara wa ni." Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Bàbá atẹ̀wé kan ló tẹ̀ lé ìyá yìí. Gbogbo Èkó ló mọ Ṣómólú mọ́ ìwé títẹ̀: káàdì ìgbéyàwó, ìwé ìsìnkú, kàlẹ́ńdà, pósítà ìbò. Bàbá ti wà nídìí iṣẹ́ náà kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọkùnrin yẹn. Pósítà gbogbo ẹgbẹ́, orí máṣíìnì kan náà ló ti ń jáde lọ́dọ̀ Bàbá. Ìpínlẹ̀ Imo ni wọ́n ti wá, wọ́n sì gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ mi lọ.

Ọmọkùnrin náà ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, bàbá?"

Bàbá ì bá fi Yorùbá dá a lóhùn, kí wọ́n sì kọjá wọlé. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ Ìgbò ni mí. Àdúgbò yìí ni mo ti forúkọ sílẹ̀." Ọmọ náà ní kí wọ́n máa lọ sílé. Bàbá ti káàdì ìdìbò padà sápò, wọ́n sì lọ.

Èmi ni ẹnìkẹta lẹ́yìn wọn. Ìlẹ̀kẹ̀ Ifá wà lọ́rùn ọwọ́ mi. Àwọn ọmọ náà mọ̀ mí, wọ́n ní, "Bàbá Awo, ẹ wọlé." Mo wọlé, mo tẹ̀ka, mo ju ìwé sínú àpótí, mo relé. Mi ò sọ nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ táwọn ọmọ yẹn sọ sí ìyá Ìjẹ̀ṣà ni mo ń tú wò láti ìgbà náà. "A rò pé ẹ kì í ṣe ara wa ni." Àforíjì kí ni wọ́n tọrọ? Wọn ò sọ pé ohun tí àwọn ṣe kò dáa. Wọ́n ní àwọn ṣe é sí ẹni tí kò yẹ ni. Ìyẹn ni pé ẹni tó yẹ kí wọ́n ṣe é sí wà níbì kan. Ẹ̀rín tí a rín lórí ìlà, àwa náà fọwọ́ sí i nìyẹn.

Ìtàn ni mo kà ní yunifásítì, mo sì mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ yìí ti wáyé rí l'Ékòó, nígbà tó jẹ́ pé àwa gan-an ni wọ́n ń tì síta. Ní ọdún 1947, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ivor Cummings dé sí Èkó. Ọmọ Sàró ni bàbá rẹ̀, òyìnbó ni ìyá rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ní London. Wọ́n ti gba yàrá sílẹ̀ fún un ní hòtẹ́ẹ̀lì Bristol. Nígbà tí wọ́n rí àwọ̀ rẹ̀, wọ́n ní kò sí àyè fún un, òyìnbó nìkan làwọn ń gbà. Ariwo ta. Lọ́dún yẹn kan náà, Gómìnà Arthur Richards pàṣẹ pé kí wọ́n yé fi àwọ̀ ya ènìyàn sọ́tọ̀ níbi tó jẹ́ ti gbogbo ará ìlú.

Ká ní atẹ̀wé kan láti Ìdúmọ̀tà ni wọ́n lé, ṣé ọ̀rọ̀ náà á dé etí gómìnà? Ní tèmi, mo rò pé ohun tó dun ìjọba jù ni pé èèyàn tiwọn ni wọ́n ṣe é sí. A ò mọ̀ pé ara wa ni. Ṣùgbọ́n àwọn ará Èkó ò gbà kó parí síbẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ju ti Cummings lọ. Ìkòyí ńkọ́, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún òyìnbó? Ilé ìwòsàn òyìnbó ńkọ́? Yorùbá wà nínú àwọn tó pariwo, Azikiwe àti àwọn ọmọ Ìgbò wà níbẹ̀. Ohùn wọn ṣọ̀kan.

Ọdún kan péré lẹ́yìn náà, ní 1948, ìwé ìròyìn West African Pilot àti Daily Service gbéná wojú ara wọn, ọ̀rọ̀ sì le débi pé Yorùbá àti Ìgbò ń ra àdá lọ́jà de ara wọn nínú ìlú kan náà. Ọdún kan ló wà láàárín méjèèjì.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín máa sọ, torí wọ́n ti sọ ọ́ fún mi lójúkojú: "Awo, ṣé Yorùbá lè lọ di gómìnà nílùú tiwọn? Bí a bá sùn, wọ́n á gba Èkó mọ́ wa lọ́wọ́." Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó bá ní Èkó kò lólúwa, irọ́ ló ń pa, ó sì ń bú àwọn Àwórì àti gbogbo ẹni tó tẹ ìlú náà dó. Ilẹ̀ ní olúwa. Oyè ní ìdílé. Ojúbọ ní àwọn tó ń bọ ọ́. Bí bàbá atẹ̀wé bá ní àwọn fẹ́ jọba níbí, èmi ni màá kọ́kọ́ sọ pé ó tì o.

Ṣùgbọ́n oyè kọ́ ni wọ́n wá. Gómìnà kì í ṣe ọba, alága kánsù kì í ṣe baálẹ̀. Gọ́tà ni iṣẹ́ tiwọn, ọ̀nà, ilé ìwòsàn, owó orí. Bí òjò bá rọ̀ tí gọ́tà kún l'Abúlé Òkúta, omi kì í bi ojúlé kankan léèrè ìlú bàbá rẹ̀ kó tó wọlé. Oyè jẹ́ ti ìdílé, gọ́tà jẹ́ ti gbogbo ojúlé. Ẹni tí omi ń wọlé bá, ọ̀ràn kàn án. Òfin náà ò sì jìnnà síbẹ̀: ìwé òfin 1999 ò béèrè ìlú bàbá ẹni kó tó jẹ́ kéèyàn forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Ọmọ Nàìjíríà tó pé ọdún 18, tó sì ń gbé Nàìjíríà, ló ní kó wá.

Ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé wọ́n á gba Èkó, kó wo iye yìí ná: àwọn tó forúkọ sílẹ̀ l'Ékòó lé ní mílíọ̀nù méje, àwọn tó dìbò gómìnà lọ́jọ́ yẹn ò sì tó mílíọ̀nù kan àbọ̀. Àwọn ará wa tó sùn sílé ló yẹ ká lọ jí. Dípò bẹ́ẹ̀, a lọ ń lé ẹni tó ti jí.

Àwọn bàbá wa gan-an ti jẹ irú ìyà yìí rí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní Gáná ní kí àjèjì tí kò bá níwèé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Ọ̀fà, ọmọ Ṣakí pọ̀ níbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n bí àwọn mìíràn sí. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, wọ́n gbẹ́rù sórí. Ẹ lè ní ìlú òkèèrè nìyẹn. Òótọ́ ni. Bàbá atẹ̀wé ò tiẹ̀ rékọjá ààlà kankan.

Ẹ rántí ìtàn inú Ọ̀ṣẹ́túrá. Irúnmọlẹ̀ mẹ́tàdínlógún ni Olódùmarè rán wá tún ayé ṣe. Ọkùnrin ni mẹ́rìndínlógún, Ọ̀ṣun nìkan lobìnrin. Àwọn ọkùnrin pàdé, wọn ò pe Ọ̀ṣun. Gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé ló bàjẹ́. Nígbà tí wọ́n padà lọ fẹjọ́ sùn, Olódùmarè béèrè ẹnìkan tó kù lọ́wọ́ wọn. Ìgbà tí wọ́n bẹ Ọ̀ṣun tán layé tó gún. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò níbẹ̀ ni ìbéèrè yẹn. Olódùmarè ò bi wọ́n bóyá Ọ̀ṣun jọ wọ́n tàbí kò jọ wọ́n. Iye tó rán ló kà, iye náà ò sì pé.

Ohun kan tún wà tó kan àwa oníṣẹ̀ṣe gan-an. Kí ọjọ́ ìbò yẹn tó pé, fídíò Orò ń lọ láti orí fóònù dé fóònù, pé kí àwọn kan jókòó sílé. Ọ̀dọ́kùnrin méjì wá bá èmi náà, wọ́n ní ṣé kò sí nǹkan tí mo lè bá àwọn ṣe sí i. Mo lé wọn jáde, mo sì rò pé mo ti ṣe tèmi. Kí ìlú lè fi lé ibi jáde la ṣe ní Orò. Aládùúgbò kọ́ ni ibi. Obìnrin kì í sì í wo Orò: ẹni tó bá fi Orò dí ọ̀nà ìbò, ìyá tó bí i ló kọ́kọ́ tì mọ́lé.

Ní oṣù keje ọdún 2025, kánsù Bàrígà yí orúkọ Charly Boy Bus Stop padà sí Baddo, orúkọ Olamide. Olamide, ọmọ Bàrígà ni, iyì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n àwọn kọ́ńdọ́ àti èrò ọkọ̀ ló fi ẹnu ara wọn sọ ibẹ̀ ní Charly Boy, nítorí ilé Charles Oputa tó wà níbẹ̀ láyé ijọ́un, ọmọ Imo bíi bàbá atẹ̀wé. Ìbò nìyẹn náà, a dì í láìní káàdì. Kí wọ́n tó yí i, ó yẹ kí wọ́n bi àwa tí à ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Bí mo ṣe ń bínú sí ìyẹn lọ́wọ́ ni ọkàn mi bi mí: ìwọ ńkọ́, lọ́jọ́ tí wọ́n já ìbò ẹnìkan gbà lójú rẹ?

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá. Ó ti lé lọ́dún méjì. Mo ní ìwé kékeré kan tí a fẹ́ tẹ̀ fún ọdún Ifá, ìyẹn ni mo fi bojú. Nígbà tí a sọ̀rọ̀ owó tán, mo ní, "Bàbá, ọjọ́ ìbò yẹn, mo wà lórí ìlà."

Wọ́n ní, "Mo rí yín, Bàbá Awo. Mo tiẹ̀ rò pé ẹ̀yin lẹ máa sọ̀rọ̀."

Wọ́n kọjú padà sí máṣíìnì wọn. Kò sí ìbínú nínú ohùn wọn. Ìyẹn ló jẹ́ kó wúwo lára mi.

Ṣé ìbò tí mo dì lọ́jọ́ yẹn mọ́? Mi ò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Babaláwo tó bá rí i tí wọ́n já ìbò gbà lọ́wọ́ ẹni tó wá dáfá, tó wá ń bá ẹsẹ Ifá rẹ̀ lọ bíi pé kò sí nǹkan, kò dá Ifá kankan.

Ìbò tún ń bọ̀ ní 2027. Mo ti sọ fún Bàbá pé a jọ máa lọ ni, àwọn níwájú, èmi lẹ́yìn. Bí Bàbá ò bá wọlé, èmi náà ò ní wọlé, màá sì sọ ìdí rẹ̀ kí gbogbo ìlà gbọ́. Bàbá ní, "Ẹ jẹ́ ká débẹ̀ ná." Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí mo já kulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lẹ́tọ̀ọ́ láti wò mí dáadáa kó tó gbà mí gbọ́.

Ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ bá wà lórí ìlà lọ́jọ́ náà, bí wọ́n bá tún ní "a rò pé ẹ kì í ṣe ara wa ni", ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.