Ikin Mẹ́rìndínlógún fún Ẹni Tó Dá Wà

Ní 30 oṣù Kẹta ọdún 2020, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí ará Èkó, Ògùn àti Àbújá jókòó sílé nítorí àrùn kòrónà. Èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá mi. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò ni mí lára. Lọ́sẹ̀ kejì ni mo jí láàárọ̀ kan tí n kò mọ̀ bóyá Ọjọ́rú ni tàbí Ọjọ́bọ̀, ẹ̀rù sì bà mí ju ti àrùn náà lọ. Ọjọ́ náà ni ìtàn kan nínú odù Ifá tí à ń pè ní Ìwòrì Méjì sọ sí mi lọ́kàn.

Ẹni tó bá ti jókòó ti babaláwo yóò ti gbọ́ ọ. Ọ̀rúnmìlà bí ọmọ mẹ́jọ, gbogbo wọn ló jọba. Nígbà tó ń ṣọdún, ó ránṣẹ́ pè wọ́n. Méje kí i bí ọmọ ṣe ń kí baba. Ọlọ́wọ̀, àbíkẹ́yìn, kọ̀. Ó ní ipò ọba kò jẹ́ kí òun dọ̀bálẹ̀. Inú bí Ọ̀rúnmìlà, ó gba ọ̀pá ọwọ́ ọmọ náà, ó sì fi ayé sílẹ̀. Oyún dúró sínú, oko kò mú nǹkan jáde, àìsàn kò lọ. Àwọn ọmọ tọ̀ ọ́ lọ sí ìdí ọ̀pẹ olórí mẹ́rìndínlógún, wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó máa bọ̀ nílé. Kò gbà. Ó ní kí wọ́n tẹ́ ọwọ́, ó kó ikin, èkùrọ́ Ifá, mẹ́rìndínlógún fún wọn, ó ní ikin náà ni kí wọ́n máa bi ní ohunkóhun tí wọ́n bá ń wá.

Ọ̀pọ̀ alálàyé máa ń dúró lórí ìgbéraga Ọlọ́wọ̀. Ojú àwọn méje yòókù lèmi ń wò, àwọn tí kò ṣẹ̀, tí wọ́n sì padà sílé láìrí baba. Kò ṣèlérí ọjọ́ tí yóò dé. Ohun tí ọwọ́ lè dì mú ló fún wọn, àti iṣẹ́ tí ọwọ́ yóò máa fi í ṣe.

Ẹ wo iṣẹ́ náà dáadáa. Babaláwo á kó ikin sí ọwọ́ kan, á fi ọwọ́ kejì gbá a. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́kù, á tẹ méjì sínú ìyẹ̀rosùn. Bí méjì bá ṣẹ́kù, á tẹ ọ̀kan. Bí kò bá ṣẹ́kù rárá, tàbí tó ju méjì lọ, kò ní tẹ nǹkan kan, á tún un gbá. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni á tẹ̀ kí odù tó pé. Ìkánjú kò ráyè níbẹ̀. Ọjọ́ Awo, ọjọ́ Ifá, sì ń yí po lọ́jọ́ mẹ́rin-mẹ́rin, tí àwọn àgbà ń kà sí márùn-ún. Bó bá ti kọjá, ẹ ti mọ ìgbà tí yóò tún dé. Lójú tèmi, àìsí ènìyàn kọ́ ni àdáwà fi ń pani jù. Bí ọjọ́ bá ti sọ orúkọ rẹ̀ nù ni.

Láti 1967 sí 1969, lásìkò ogun abẹ́lé Nàìjíríà, òǹkọ̀wé Wọlé Ṣóyínká wà látìmọ́lé, wọ́n sì há a mọ́ òun nìkan ní Kàdúná fún oṣù méjìlélógún. Wọ́n fi ìwé àti kálàmù dù ú. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe yíǹkì, ó sọ ọ́ ní Soy-ink, ó ń kọ̀wé sáàárín ìlà àwọn ìwé tó rí gbà. Lọ́dún 1972 ni ìwé rẹ̀ lórí àtìmọ́lé náà, The Man Died, jáde. N kò sọ pé ó ń difá níbẹ̀. Àmọ́ bí mo bá ti rántí yíǹkì yẹn, ọwọ́ àwọn ọmọ Ọ̀rúnmìlà ni mò ń rí.

Ikin kò rọ́pò baba o. Ìtàn náà kò sọ pé àárò rẹ̀ kò sọ wọ́n mọ́. Ẹni tí ìdààmú ti mù dé ọrùn, ènìyàn ló yẹ kó kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Èmi kò ní ikin. Mo ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ ọjọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn láràárọ̀. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo máa ń gbé ọpọ́n ayò bàbá mi jáde: ihò méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin. Mo ń fi ọwọ́ ọ̀tún ta fún ara mi, mo ń fi tòsì ta fún ẹni tí kò sí níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dẹ òfin ìjókòó-sílé náà ní 4 oṣù Karùn-ún, aládùúgbò mi kan yà wò mí, ó bá mi lẹ́nu ayò. Kò béèrè nǹkan kan. Ó fa àpótí, ó jókòó sí apá òsì.