Ìgbátí Òrùlé àti Àṣíborí

Ní Deuteronomi 22:8, a pàṣẹ fún ẹni tí ó bá kọ́ ilé titun pé kí ó mọ ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà já bọ́ láti ibẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ sì wá sórí ilé náà.

Ní ọjọ́ 13 oṣù May 1935, T. E. Lawrence, jagunjagun tí òkìkí rẹ̀ kàn láti ilẹ̀ Arábíà, ń gun alùpùpù lọ sí ilé rẹ̀ ní Dorset, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó yà fún ọmọdékùnrin méjì tí ń gun kẹ̀kẹ́, ó ṣubú. Kò dé àṣíborí. Ní ọjọ́ 19 ni ó kú. Hugh Cairns, oníṣègùn ọpọlọ, wà lára àwọn tí ó tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí ogun dé, ó wádìí ìpalára orí àwọn ọmọ-ogun tí ń fi alùpùpù jíṣẹ́, ó sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1941. Ní ọdún náà gan-an ni àṣíborí di dandan fún wọn. Ṣùgbọ́n ó di 1973 kí òfin náà tó kan ará ìlú níbẹ̀.

Ní ilẹ̀ wa, nígbà tí a mú òfin yìí le ní 2009, àwọn ọlọ́kadà kan gbé igbá dé orí. A fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń gun alùpùpù lọ wàásù ní abúlé, tí a kì í dé àṣíborí àfi bí a bá rí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó lókèèrè, ǹjẹ́ a sàn jù wọ́n lọ bí? A ń wí pé Ọlọ́run ń ṣọ́ wa. Lóòótọ́ ni, Òun kan náà ni ó pàṣẹ ìgbátí. Ọmọ ìjọ tí a gbé sẹ́yìn ńkọ́, tí a kò tilẹ̀ ra àṣíborí fún? Bí ó bá ṣubú, lọ́wọ́ ta ni a ó ti bèèrè ẹ̀jẹ̀ rẹ̀?