Ṣé Orí Burúkú Ni Ti Ẹni Tí A Kò Rí?

Nígbà tí wọ́n mú mi láti ṣojú ilé ẹ̀kọ́ wa nínú ìdíje ìṣirò, bàbá mi gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ní, "Orí rẹ ló ṣiṣẹ́." Ó yẹ kí inú mi dùn, ṣùgbọ́n n kò rí oorun sùn lóru ọjọ́ náà. Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní kíláàsì wa tó mọ ìṣirò jù mí lọ. Ní Ìyànà Ọ̀fà tiwa níbí, iṣẹ́ oko kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ mú ẹni tí yóò lọ, ó wà lóko, ó ń bá ìyá rẹ̀ fa ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe gàrí. Olùkọ́ bi mí pé, "Ṣé ẹlòmíràn tún wà tó lè ṣe é?" Mo dákẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé orí mi ló ṣiṣẹ́, ṣé orí burúkú ni ti ọ̀rẹ́ mi?

Ìtàn tí olùkọ́ eré ìdárayá wa sọ fún wa nípa Nduka Odizor ló là mí lójú. Èkó ni wọ́n ti bí i ní 1958, tẹ́níìsì gbígbá ló sì fi ṣe iṣẹ́. Ní 1983, ó pàdé Guillermo Vilas, ọmọ Ajẹntínà, ní Wimbledon. Vilas wà ní ipò kẹrin nínú àwọn tí wọ́n ń retí pé wọ́n lè gba ife. Ó gba sẹ́ẹ̀tì méjì àkọ́kọ́. Ẹyọ kan péré ló kù fún un. Odizor kò sọ ìrètí nù. Ó gba mẹ́ta tó kù, ó sì dé ìpele kẹrin kí wọ́n tó lé e jáde.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe kúrò ní Èkó? Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, Robert Wren, tó wá kọ́ni ní Èkó, ló ràn án lọ́wọ́ tó fi lọ kàwé ní Houston.

Ọdún 1983 kan náà ni Yannick Noah, ọmọ Faransé tí bàbá rẹ̀ wá láti Kamẹrúùnù, gba ife tẹ́níìsì ilẹ̀ Faransé ní Paris. Ní 1971, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún 12, Arthur Ashe, ògbóǹtarìgì ará Amẹ́ríkà, bá a gbá bọ́ọ̀lù ní Yaoundé, ó sì rí i pé ọmọ náà ní ẹ̀bùn. Ashe kò dákẹ́. Ó sọ fún Philippe Chatrier, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú tẹ́níìsì ní Faransé, ọmọ náà sì lọ kọ́ṣẹ́ ní Nice.

Ẹnìkan lè sọ pé Wren kọ́ ló na Vilas. Òótọ́ ni. Iṣẹ́ ló ń ṣẹ́gun lórí pápá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ nìkan kọ́ ló ń gbé ènìyàn dé orí pápá. Bí ó bá jẹ́ pé Noah ṣàìsàn lọ́jọ́ tí Ashe dé ńkọ́? Ẹ̀bùn rẹ̀ kò ní dín kù. Ẹni tó máa rí i ni kò ní sí.

Nítorí náà, n kò gbà pé orí burúkú ni ti ẹni tí a kò rí. Ẹṣin tí a kò tíì gùn, ta ló lè sọ pé kò mọ eré é sá? Nígbà mìíràn, ẹ̀bi ẹnu tiwa la máa ń dì ru orí. Ẹni tí wọ́n ti rí jẹ gbèsè: kí òun náà pe orúkọ ẹlòmíràn. Kò dìgbà tí ènìyàn bá lówó kó tó san gbèsè yìí.

Mo mọ ìdí tí mo fi dákẹ́. Ẹ̀rù ló bà mí pé ó máa gbà á mọ́ mi lọ́wọ́. Lọ́jọ́ Ajé, mo lọ bá olùkọ́, mo sọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n fún àwa méjèèjì ní ìdánwò. Ó fi máàkì mẹ́ta jù mí lọ, òun ló sì lọ. Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí wa, bí ẹ bá fẹ́ mú ẹnìkan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bèèrè àwọn tí kò wá. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí wọ́n bá bi yín, ẹ má dákẹ́.