Ìgbín Fà, Ìkarahun Tẹ̀ Lé E

Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé ka iwájú ẹ̀yin òǹkàwé lónìí kò ti inú ìwé wá. Inú eré ni ó ti wá. Ǹjẹ́ ẹgbẹ́ ogun tí kò ní ilé, tí kò ní oko, tí gbogbo ohun ìní rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ tí ń rìn, lè bá onílé jà kí ó sì ṣẹ́gun? Bí ó bá sì ṣẹ́gun, ǹjẹ́ ìṣẹ́gun náà tọ́?

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń gbé yàrá máa ń ṣe eré ogun gbalasa òfuurufú lórí kọ̀ǹpútà, èyí tí à ń pè ní Sins of a Solar Empire: Rebellion, tí ó jáde ní ọdún 2012. Nínú eré náà, pílánẹ́ẹ̀tì ni oko ẹni. Ibẹ̀ ni owó orí ti ń wọlé. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà, Vasari Loyalists, ìsáǹsá tí ń sá fún ọ̀tá kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Wọ́n lè gbẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì kan títí dé ìdí, kí wọ́n kó gbogbo àlùmọ́nì rẹ̀ lọ, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ ní òkú ilẹ̀. Àwọn ni mo yàn. Mo gbẹ́ tèmi, mo gbẹ́ èyí tí mo gbà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, mo sì kó ọkọ̀ mi rìn. Òun ní pílánẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ láti ṣọ́. Èmi kò ní ẹyọ kan. Mo borí. Ó wò mí, ó ní, "Ibo ni ìwọ náà yóò wá máa gbé báyìí?" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi kò rí èsì fọ̀.

Òtítọ́ ni pé ilé a máa so onílé mọ́lẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2014, nínú EVE Online, eré tí ilé-iṣẹ́ kan ní Iceland ṣe, ẹgbẹ́ kan kùnà láti san owó tí ó fi di agbègbè B-R5RB mú. Àwọn ọ̀tá rọ́ dé. Ogun ọjọ́ náà jó ọkọ̀ ńláńlá tí wọ́n ń pè ní titan, 75. Alárìnkiri kò lè kó sínú irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú eré kan náà, àwọn tí kò ní agbègbè a máa kó ọkọ̀ wọn pa mọ́ sí ibùdó tí òṣèré kankan kò lè gbà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ onílé ni wọ́n ń sùn sí.

Ẹ wá wo Homeworld, ti ọdún 1999. Ọ̀tá dáná sun Kharak, ayé àwọn ènìyàn kan. Ìyá Ọkọ̀ wọn nìkan ni ó kù fún wọn. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń kan ọkọ̀ mìíràn, ara àpáta òfuurufú ni wọ́n ti ń wa àlùmọ́nì. Bí Ìyá Ọkọ̀ bá fọ́, gbogbo rẹ̀ parí.

Nítorí náà, lójú tèmi, kò sí ẹgbẹ́ tí kò ní ilé. Ẹnì kan ru tirẹ̀ bí ìgbín. Ẹnì kan ń sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹlòmíràn. Ẹnì kan ń jẹ ilé àti oko run bí ẹni tí ó se èbù iṣu jẹ. Gbogbo wọn lè ṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n ti ẹni àkọ́kọ́ ni mo lè pè ní ìṣẹ́gun tí ó tọ́, nítorí ohun tí ó fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, òun náà ní irú rẹ̀ tí ó lè pàdánù. Ìjà tí ẹnì kan lè sọ gbogbo nǹkan nù, tí ẹnì kejì kò lè sọ ohunkóhun nù, ìfiniṣèjẹ ni.

Àwọn kan yóò wí pé eré lásán ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n èmi gan-an ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ náà, inú mi sì dùn sí i.

Nígbà tí a tún ṣe é, mo fi pílánẹ́ẹ̀tì kan sílẹ̀ láìgbẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi ti ká mi mọ́, tí ó sì ṣẹ́gun mi. Ẹni tí èrò rẹ̀ bá yàtọ̀ sí tèmi, kí ó kọ ọ́ wá. A ó jọ yẹ̀ ẹ́ wò.