Ẹ̀rọ Ló Sọ Bẹ́ẹ̀

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Bí ọmọ inú ilé yín bá sọ ọ̀rọ̀ kan, tí ẹ̀rọ tí ẹ fi owó rà lọ́jà sì sọ òmíràn, ọ̀rọ̀ ta ni ẹ ó gbà gbọ́? Ẹ má tíì dáhùn. Èmi tí mò ń béèrè yìí ti dáhùn rẹ̀ rí, mo sì ṣì í.

Mo ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré kan, irú èyí tó ń fi ínkì olómi tẹ̀wé, tí ènìyàn lè gbé ka orí tábìlì nínú yàrá. Iṣẹ́ ilé-ìwé àwọn ọmọ ló mú mi rà á, nítorí owó tí à ń kó fún àwọn tó ń tẹ̀wé lẹ́bàá títì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di onígbèsè. Ọjọ́ tí a yọ ọ́ nínú páálí, bébà funfun ló ń pọ̀ jáde, kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Mo bú ẹni tó tà á fún mi, mo bú àwọn tó ṣe é. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, ló wá fi èékánná ṣí ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ibi tí ínkì ń gbà jáde kí ó má baà jò lójú ọ̀nà. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìlànà o. Ṣùgbọ́n ta ní í ka ìwé ìlànà?

Ìyẹn ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni. Èyí tó tẹ̀lé e kì í ṣe ẹ̀rín.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo wo àwòrán tí ẹ̀rọ náà fi ń sọ bí ínkì rẹ̀ ṣe kù tó. Ìdajì ti lọ! Bẹ́ẹ̀ ewé mọ́kànlá péré ni mo mọ̀ pé a tẹ̀. Mo pe ọmọ náà. Mo ní, "Kí lo máa ń tẹ̀ lóru?" Ó ní, "Dádì, mi ò tẹ nǹkan kan." Mo ní ṣé iwin ló wá ń tẹ̀ ẹ́ ni? Ó dọ̀bálẹ̀, ó búra. Ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ti gbọ́ ariwo ẹ̀rọ yẹn lóru, bí ìgbà tí ènìyàn ń ṣiṣẹ́ nídìí rẹ̀. Kí ni mo tún ń wá? Ẹ̀rọ kò bá ọmọ ṣọ̀tá, kò ní ìdí láti parọ́ mọ́ ọn. Mo wí i níwájú àwọn ọmọ tèmi pé ẹni tó ń jí ínkì lónìí, owó ni yóò jí lọ́la. Ó dákẹ́. Fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, kò bá mi sọ ju "Ẹ káàárọ̀, sà" lọ.

Ọmọkùnrin kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Computer Village, n'Íkẹjà, ló là mí lójú. Nígbà tí mo rojọ́ tán, ó ní, "Bàbá, kò sí ẹni tó ń jalè nílé yín. Bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn."

Ihò tí ínkì ń gbà jáde lára ẹ̀rọ yìí tínrín ju fọ́nrán irun orí lọ. Nínú irú kan, ooru ló ń mú ínkì hó lójijì, tí ìhó náà á sì ti ẹ̀kán kan jáde. Nínú irú kejì, nǹkan kan ló ń tẹ̀ kọdọrọ tó sì ń fún un jáde. Èyí ó wù kó jẹ́, ihò tó kéré tó bẹ́ẹ̀ kò ní pẹ́ gbẹ, bó bá sì gbẹ, ó di. Nítorí náà ni ẹ̀rọ ṣe ń fọ ẹnu ara rẹ̀. Á fa ínkì gba inú ihò wọ̀nyẹn, á dà á sí ìdí ara rẹ̀, sórí ohun rírọ̀ kan bíi tìmùtìmù tó ń mu ún. Ínkì tí a fi owó rà ni o, kò sì kan bébà kankan. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀ gan-an ló ń mu ún jù.

Ó tún kù. Bí ẹ bá fi bọ́tìnì rẹ̀ pa á, á gbé orí rẹ̀ lọ sí igun, á sì fi ìdérí bo ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ lójijì, ibi tó bá wà ló ń dúró sí, ẹnu rẹ̀ á wà ní ṣíṣí sí afẹ́fẹ́. Bí iná bá dé, á jí, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ẹnu. Ọmọkùnrin náà bi mí pé, "Bàbá, ẹ̀ẹ̀melòó ni iná ń lọ tó ń bọ̀ ládùúgbò yín lóru?" Mi ò lè dá a lóhùn. Mo ti mọ ẹni tó ń tẹ̀wé lóru.

Kí n tó délé lọ́jọ́ náà ni mo ti ń wá ẹni tí màá di ẹ̀bi rù. Mo fẹ́ di í ru ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kò gbà. Ẹ jẹ́ ká ṣe òótọ́: kò pe ọmọ náà lólè. Ìdajì ínkì ti lọ, ohun tó sọ nìyẹn. Èmi ni mo fi olè kún un. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Mo mọ òwe yìí láti kékeré, mo sì máa ń pa á fún ẹlòmíràn. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ẹ̀rọ náà ẹnìkan ni. Mo rò pé òun dà bí òṣùwọ̀n, tí kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí kò tilẹ̀ rí ínkì tí wọ́n ń jẹ́rìí sí. Ńṣe ni wọ́n ń ka ẹ̀kán tó ti jáde, tí wọ́n ń yọ ọ́ kúrò nínú iye tí wọ́n gbà pé ó wà níbẹ̀. Ìṣirò ni. Ẹni tó bá ṣírò, tó wá ní òun fojú rí i, kí là ń pè é?

Nígbà tí dúdú tán, mo ní kí ọmọkùnrin yìí rọ ínkì sínú kátíríìjì náà. Mo gbé e délé, ẹ̀rọ ní ó ti bàjẹ́. A gbé e padà, ó fi sínú ẹ̀rọ mìíràn tó ti pẹ́, ó tẹ̀wé bí ẹni pé ọjọ́ náà ni wọ́n rà á. Wọ́n lẹ èèpo wínníwínní kan mọ́ ara kátíríìjì wọ̀nyí tó ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ ló kọ́ ọ ní ohun tí yóò gbà àti ohun tí yóò kọ̀.

Mi ò ṣàdédé sọ èyí. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án 2016, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé HP kàn dédé kọ kátíríìjì tí kì í ṣe ti HP, èyí tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀ láìsí wàhálà. Ariwo sọ, ilé-iṣẹ́ náà tọrọ àforíjì pé òun kò ṣàlàyé ara òun dáadáa, ó sì gbé ohun tí yóò tú u sílẹ̀ jáde fún ẹni tó bá fẹ́. Ní 2018 ó gbà láti san mílíọ̀nù kan ààbọ̀ dọ́là láti parí ẹjọ́ tí wọ́n pè é ní Amẹ́ríkà, láìsọ pé òun jẹ̀bi. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti 2022. Àwọn èèpo yẹn wọ́n lágbàáyé, Canon sì ní láti máa ta ínkì oníyẹ̀fun fún àwọn ẹ̀rọ ọ́fíìsì rẹ̀ láìsí èèpo. Ẹ̀rọ ń pariwo pé òun kò mọ nǹkan yìí rí. Ni Canon fúnra rẹ̀ bá ń kọ́ àwọn oníbàárà ní Jámánì bí wọn ó ṣe tẹ bọ́tìnì kọjá ìkìlọ̀ náà. Bàbá ẹlẹ́rìí dìde ní kóòtù, ó ní kí wọ́n má dá ọmọ òun lóhùn!

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣòwò kò bá mi jiyàn lórí gbogbo èyí, àmọ́ ó ní owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń ta ẹ̀rọ náà, orí ínkì ni wọ́n ti ń jèrè, kí ni mo fẹ́ kí wọ́n jẹ? Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Bí wọ́n bá sọ fún mi lójú ọjà pé ínkì àwọn nìkan ló ń mu, mo lè rà á, mo sì lè fi í sílẹ̀. Ìjà tèmi kì í ṣe ti èrè. "Ó ti bàjẹ́" àti "ọ̀gá mi ní kí n má gbà á" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Èyí àkọ́kọ́ ni ẹ̀rọ mi sọ, ẹnìkan ló sì jókòó tó yan ọ̀rọ̀ náà fún un.

Mo bẹ ọmọ náà. Ìyàwó mi ní kí n pè é sí kọ̀rọ̀, pé àgbà kì í tọrọ àforíjì lójú agbo. Mo ní ojú agbo ni mo ti pè é lólè. Níwájú àwọn ọmọ yẹn náà ni mo ti sọ pé mo ṣì í, pé kó má bínú. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ó ti tán, Dádì."

Ṣùgbọ́n ìwé kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà báyìí. Òun ló gbé e síbẹ̀. Bó bá tẹ ohunkóhun, á kọ ọjọ́, aago, àti iye ewé. Mo ti ní kó má kọ ọ́ mọ́, ó ní, "Ẹ ṣé, sà." Lánàá mo ṣí i wò: ewé méjì, iṣẹ́ ìṣirò, aago mẹ́jọ alẹ́. Ó buwọ́ lù ú nísàlẹ̀.