Lábánì Yí Owó Ọ̀yà Padà Nígbà Mẹ́wàá

Bíbélì kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 31:4–16, 36–42

Ọ̀rọ̀ ìfaradà lẹ́nu iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ni ẹ̀kọ́ wa ní sáà yìí. Nínú gbogbo òṣìṣẹ́ tó wà nínú Bíbélì, ti Jékọ́bù ni mo rò pé ó jọ tiwa ní Ọ̀ṣun jù lọ. Ogún ọdún ni ó fi sin Lábánì: mẹ́rìnlá nítorí Léà àti Rákélì, mẹ́fà nítorí ẹran ọ̀sìn. Ìgbà mẹ́wàá, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti sọ, ni Lábánì yí owó ọ̀yà rẹ̀ padà.

Ta ni kò mọ irú rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ yìí? Láti agbedeméjì ọdún 2014 ni iye owó epo rọ̀bì ti ń já wálẹ̀ ní gbogbo àgbáyé, ìpín tó ń wá láti Àbújá sì dín kù. Nígbà tó fi di 2015, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Ọ̀ṣun ti lo ọ̀pọ̀ oṣù láìgba kọ́bọ̀. Láti oṣù Keje ọdún náà ni a wá ń gé owó oṣù: ìpele 7 sísàlẹ̀ ń gbà á pé, ìpele 8 sí 10 ń gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ìpele 12 sókè ń gba ààbọ̀. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ jù ni wọ́n gé tirẹ̀ jù! Kò sì sí alátà kan tó ń bèèrè ìpele ẹni kó tó dárúkọ iye ọjà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe é títí di 2018. Nígbà tí Gómìnà Adémọ́lá Adélékè, ọmọ Ẹdẹ níbí, gba ìjọba ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, àjẹsílẹ̀ náà ṣì wà nílẹ̀; díẹ̀díẹ̀ ni ìjọba rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í san án.

Ẹ wá wo Jékọ́bù. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀, ó ka iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún Lábánì lójú gbogbo ènìyàn. Kò pa àgbò ọ̀gá rẹ̀ jẹ. Èyí tí ẹranko bá fà ya, òun ni ó ń san án. Oòrùn pa á lọ́sàn-án, òtútù mú un lóru, oorun sì dá lójú rẹ̀. Lábánì lè dín owó rẹ̀ kù, kò rí ìwà rẹ̀ dín kù. Àwọn olùkọ́ kan ṣe bẹ́ẹ̀ ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn: wọ́n gba ààbọ̀ owó, wọ́n kọ́ odidi ẹ̀kọ́. Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò mọ ẹni tó jẹ ẹnì kan ní gbèsè, ṣùgbọ́n ìṣirò tí a kò bá kọ́ ọ, òun ni yóò san án.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi èyí pa yín lẹ́nu mọ́. Àwọn oníwàásù kan wà tí wọ́n ń sọ ìfaradà di ẹnu dídì. Èmi kò rí i kà bẹ́ẹ̀. Jékọ́bù bi Lábánì pé ìgbà wo ni òun yóò pèsè fún ilé ti òun náà, ó sì dá iye tó fẹ́ gbà. Lẹ́yìn náà, ó ránṣẹ́ pe Rákélì àti Léà sínú pápá, ó tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Àwọn obìnrin náà kò wo òun níran. Wọ́n ní baba àwọn ti jẹ owó àwọn náà run, wọ́n sì ní kí ó ṣe ohun tí Ọlọ́run wí. Láti inú ìjíròrò yẹn ni agbára àtilọ ti wá. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ìyàwó ń bẹ tó ń gba ààbọ̀ tí ọkọ kò gbọ́, ọkọ náà ń bẹ tí ìyàwó kò gbọ́ tirẹ̀. Gbèsè àjẹṣẹ́kù ni yóò tú àṣírí nígbẹ̀yìn.

Ní ti ara yìí ńkọ́? Èlíjà rẹ̀ débi pé ó ní kí òun kú (1 Ọba 19). Ọlọ́run kò kọ́kọ́ wàásù fún un. Oorun ni, àkàrà orí ẹ̀yín iná àti omi, oorun lẹ́ẹ̀kejì, oúnjẹ lẹ́ẹ̀kejì. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹ̀yìn èyí ni ó tó gbọ́ pé ẹgbẹ̀rún méje ènìyàn ṣì kù ní Ísírẹ́lì, tí a sì fi Èlíṣà tì í lẹ́yìn. Ìyá tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tó sì ń gbààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta nítorí owó oṣù, kí ó bá dókítà rẹ̀ àti àlùfáà sọ̀rọ̀ ná.

Ohun kan ṣì kù tí kò dùn ún gbọ́. Lábánì mọ orúkọ Olúwa. Ó tilẹ̀ jẹ́wọ́ pé nítorí Jékọ́bù ni Olúwa ṣe bùkún òun, síbẹ̀ owó ọ̀yà kò dúró lójú kan. Púpọ̀ nínú wa ló ní ṣọ́ọ̀bù, ilé ìránṣọ tàbí ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi. Bí ọjà kò bá tà, owó ta ni a kọ́kọ́ ń dá dúró? Kí ìpàdé wa tó ń bọ̀ tó pé, kí olúkúlùkù mú ìwé, kí ó kọ iye tí ó jẹ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, oṣù kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye tirẹ̀, kí ó sì san án kí ó tó máa bọ̀.