Igúnnugún Ṣoore, Ó Pá Lórí

Òwe méjì kan wà tí àwọn àgbà wa fi lé wa lọ́wọ́, tí wọ́n ti ń bá ara wọn jà létí mi láti ìgbà tí mo ti lè dá aṣọ ró títí di òní tí ewú ti gba gbogbo orí mi kan. Èkíní wí pé oore kì í gbé, ìkà kì í dànù. Èkejì, tí ìyá tó bí ìyá mi fẹ́ràn láti máa pa, wí pé igúnnugún ṣoore, ó pá lórí, àkàlàmàgbò ṣoore, ó yọ gẹ̀gẹ̀, nítorí ọjọ́ mìíràn kí ẹni má ṣoore bẹ́ẹ̀ mọ́. Màmá a máa pa á nígbà tí obìnrin kan tó yá lówó ìsọmọlórúkọ bá gba ẹ̀yìn ìsọ̀ rẹ̀ kọjá lọ́jọ́ ọjà láìkí i, ṣùgbọ́n kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, ẹ óò rí i tí ń bu gààrí fún ọmọ obìnrin kan náà, tí ń sọ pé, “Gbà, ọmọ mi, má wí fún ìyá rẹ.” Nígbà tí mo bi í léèrè pé, “Màmá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí ẹni má ṣoore mọ́?” ó wò mí, ó ní, “Òwe ni mo pa, n kò búra.”

Ẹjọ́ àárín òwe méjèèjì yìí ni mo fẹ́ gbọ́ lónìí, ẹlẹ́rìí tí mo sì pè kì í ṣe ará ilé wa. Ọmọ Geneva ní ilẹ̀ Switzerland ni, Henri Dunant ni orúkọ rẹ̀, òun ni ẹgbẹ́ alágbèélébùú pupa tí a ń pè ní Red Cross ti ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àánú ló gbé Dunant jáde nílé. Oníṣòwò ni. Ó ní ilé ọlọ ńlá ní Algeria, tí àwọn Faransé ń ṣàkóso nígbà náà, ọ̀rọ̀ omi tí ọlọ náà nílò kò sì yanjú lọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ ibẹ̀, tí wọ́n ń fi òní dónìí, fọ̀la dọ́la fún un, títí ó fi pinnu pé òun yóò lọ bá Ọba Napoleon Kẹta fúnra rẹ̀ ní àríwá Ítálì, níbi tó ti ń bá àwọn ará Austria jagun. Bí ọkùnrin tí ń wá omi fún ọlọ rẹ̀ ṣe bọ́ sí Castiglione nìyẹn, ìlú kékeré tó wà nítòsí Solferino, ní àkókò ogun ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà ọdún 1859, ogun tí àwọn tó jà á lápá méjèèjì tó bí 300,000, tó sì sọ bí 40,000 nínú wọn di òkú tàbí ẹni tí ọgbẹ́ dá gúnlẹ̀. Wọ́n kó àwọn tí ẹ̀mí kù lára wọn wọ Castiglione, wọ́n kún ilé, wọ́n kún ojú títì, wọ́n tẹ́ wọn sórí koríko gbígbẹ nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú náà. Ohun tí ẹnu wọn sì ń bẹ̀bẹ̀ fún, ì báà jẹ́ lédè Faransé, ì báà jẹ́ lédè Jámánì, omi ni. Ẹni tó wá omi wá bá àwọn tí òùngbẹ ń pa kú lọ.

Ìṣòwò kúrò lọ́kàn rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó rán awakọ̀ ẹlẹ́ṣin rẹ̀ lọ sí Brescia láti fi owó òun fúnra rẹ̀ ra ṣẹ́ẹ̀tì, ọsàn wẹ́wẹ́, ṣúgà àti tábà wá. Ó rán àwọn ọmọdékùnrin lọ pọn omi. Òun àti àwọn obìnrin ìlú náà ń wẹ ojú ọgbẹ́, wọ́n ń di aṣọ mọ́ ọn. Nígbà tí àwọn obìnrin náà rí i pé àjèjì aláṣọ funfun yìí kò bèèrè ọ̀tá tàbí ọ̀rẹ́ kó tó fún ènìyàn lómi, àwọn náà dáwọ́ ìbéèrè dúró, gbólóhùn kan sì ń ti ẹnu ọ̀kan bọ́ sí ẹnu èkejì: ọmọ ìyá ni gbogbo wọn. Mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí i pé orí gbólóhùn yẹn ni gbogbo ohun tó tẹ̀lé e dúró lé. Orúkọ Dunant ni ayé mọ̀; ta ló mọ orúkọ àwọn obìnrin Castiglione?

Ohun tó tẹ̀lé e kò gùn láti sọ. Ó kọ ìwé lórí ohun tí ojú rẹ̀ rí, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1862. Òun àti àwọn mẹ́rin mìíràn dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Geneva ní 1863. Nígbà tó di ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ ọdún 1864, àwọn ìjọba kan tọwọ́ bọ̀wé pé ẹni tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun kì í ṣe ọ̀tá ẹnikẹ́ni mọ́.

Lẹ́yìn náà ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í pá. Ní 1867 ìṣòwò Algeria wó lé e lórí, gbèsè mù ún dé ọrùn, àwọn tí wọ́n jọ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ sì yọ ọ́ kúrò láàárín wọn. Ó fi Geneva sílẹ̀, kò padà síbẹ̀ mọ́. Ní àwọn ọdún ìrìnkèrindò rẹ̀, a máa fi tádàwà kun ibi tí ẹ̀wù dúdú rẹ̀ ti ṣá, a sì máa fi ẹfun kun ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kó lè funfun bí èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Nígbà tó yá, abúlé orí òkè kan tí ń jẹ́ Heiden gbà á, níbi tó ti gbé nínú yàrá kan ní ilé ìwòsàn láti 1892 títí tó fi kú.

Ẹ wò ó, ẹ̀rí yìí dà bí ẹni pé igúnnugún ló gbè. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí a yára dájọ́. Kì í ṣe oore ló pá Dunant lórí, ọlọ ni. Ilé ẹjọ́ Geneva kò dá a láre nínú ọ̀ràn owó náà, ẹni tó sì mọ̀ pé òun ní ọjà ní ìsọ̀ kò yẹ kó máa rìn káàkiri ààfin àwọn ọba Yúróòpù kí ọmọdé máa bá a ta á. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹni mímọ́ tí kò wẹ̀yìn: ní Heiden, ìwé lórí ìwé ló fi ń kọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ sílẹ̀ nípa àwọn tó gbàgbé rẹ̀, àwọn baba wa sì ti wí pé ẹni tó ṣoore tó lóṣòó tì í, bí aláìṣe ni. Síbẹ̀ mi ò lè bá a wí púpọ̀. Ta ni kò ní lóṣòó?

Àwọn ọmọlẹ́yìn Kristi àti àwọn Mùsùlùmí inú wa yóò ní kí n má dààmú, pé èrè olóore ń bẹ lọ́run. N kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi oore ṣọwọ́ tó sì ń ṣírò ọjọ́ tí Olódùmarè yóò san án, lójú tèmi, èésú ló ń dá. Ọjà lásán ló pààrọ̀, kò pààrọ̀ ọkàn.

Kí ni òwe àkọ́kọ́ wí gan-an? Oore kì í gbé. Kò wí pé oore kì í gbé fún ẹni tó ṣe é. Kò wí pé yóò padà wá sí ẹnu ọ̀nà ẹni tó jáde lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa tí ojú ń kán la fi ìyẹn kún un. Odò kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn. Omi tí wọ́n pọn fún ọmọ ogun Austria kan ní Castiglione ti ṣàn kọjá Dunant kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Ó ṣàn dé ọ̀dọ̀ wa nígbà ogun 1967 sí 1970, nígbà tí àwọn ọkọ̀ òfuurufú ń fi òkùnkùn bojú kó oúnjẹ lọ sí Uli fún àwọn ọmọ tí ebi ń pa ní Biafra, tí a sì yin ọ̀kan nínú ti Red Cross lulẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 1969, tí àwọn awakọ̀ inú rẹ̀ kú. Àwọn náà ṣoore, èyí tó bá wọn ju orí pípá lọ.

Ní ti igúnnugún, mo ti wò ó dáadáa ní ìdí ibi ìpẹran. Orí tó pá yẹn ni irinṣẹ́ rẹ̀: ibi tí ẹyẹ oníyẹ̀ẹ́ kò lè ki orí bọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má bà á jẹ́ ni òun ń ki tirẹ̀ bọ̀, tí ìlú fi ń mọ́. Bóyá èyí ni Màmá mọ̀ tó fi ní òun kò búra.

Ní 1901, wọ́n fi ẹ̀bùn àlàáfíà Nobel àkọ́kọ́ dá Dunant àti Frédéric Passy lọ́lá. Dunant kò ná owó ẹ̀bùn tirẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá ọdún 1910, wọ́n sin ín sí Zürich láìsí ayẹyẹ gẹ́gẹ́ bí ó ti fẹ́, nínú ìwé ìpíngún rẹ̀ sì ni owó ibùsùn kan wà ní ilé ìwòsàn Heiden, èyí tí tálákà ibẹ̀ tí àìsàn bá kọ lù, tí kò sì ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́, yóò máa sùn lé lọ́fẹ̀ẹ́.